BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸNI TÍ Ó FÚNRA RẸ̀ YAN Ọ̀NÀ TÍ Ó TỌ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ tí àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé Abuja ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa yìí, ó tọ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a mú ìtàn ẹnì kan jáde nínú àwọn tí ó ti ṣáájú wa, kí tọmọdé tàgbà lè rí ohun kọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí a mú ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí ó papòdà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ó jẹ́ olórí ìjọ ni a fi mú un. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọ kan. Mùsùlùmí ń bẹ nínú wa, Onígbàgbọ́ ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó di Ìṣẹ̀ṣe mú ṣinṣin ń bẹ. Ohun tí ó mú wa yan Àjàyí ni pé ọ̀ràn ẹ̀sìn wà lára ohun tí ń da ọ̀pọ̀ ilé rú láàrin wa ní ìlú yìí. Ọmọ tí a tọ́ nínú ẹ̀sìn Ìmàle dé Abuja, ó bá ọ̀rẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì padà mọ́. Ọmọbìnrin alàgbà ìjọ fẹ́ ọkọ Mùsùlùmí, ó ń kírun. Òmíràn ti lọ sí ìjọ mẹ́rin láàrin ọdún mẹ́ta, kò sì tíì rí ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Òmíràn padà sí ìdí Ifá àwọn bàbá ńlá rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì bá a jẹun mọ́. Òbí ń sunkún, ọmọ ń bínú. Ta ni ó ni ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn fún ènìyàn? Kí ni ó sì yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó yàn? Ìgbésí ayé Àjàyí lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìbéèrè méjèèjì.

ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí i ní Òṣoògùn, ìlú kan ní ìhà Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i, nítorí náà kò sí pé à ń wá orúkọ kiri: Àjàyí ni, orúkọ àmútọ̀runwá. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Inú ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà tí wọ́n sì ń dá Ifá ni ó gbé dàgbà. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè èyí tí ó fẹ́ nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn ilé ni ẹ̀sìn ọmọ, bí ó ti rí fún gbogbo ọmọ ìgbà náà.

Ní ọdún 1821, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti ń rẹ̀yìn tí ogun sì gba ilẹ̀ kan, ogun wọ Òṣoògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ wà lára ọmọ ogun náà. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé láti sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ bá àwọn ọkùnrin tí ń jà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́ láéláé. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi tẹ òun, ìyá rẹ̀, àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni Àjàyí nígbà náà.

Láti ìgbà náà, ó di ọjà tí à ń gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ẹrù padà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó. Ẹ̀rù pé wọ́n lè tà á fún àwọn òyìnbó Pọtogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ohun tí ó ń bẹ̀rù náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn Pọtogí kó o sínú ọkọ̀ Esperança Felix pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn. Gbogbo ẹrú tí ó wà nínú ọkọ̀ náà jẹ́ 187. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nítorí òwò ẹrú, Myrmidon àti Iphigenia, dá a dúró ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ẹsẹ̀ Àjàyí tẹ ilẹ̀ Sàró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nínú àwọn tí ó kó o lẹ́rú, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó rà á tí wọ́n sì tún tà á lójú ọ̀nà, àwọn abọ̀rìṣà bíi ti ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó sì kó o sínú ọkọ̀, Onígbàgbọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ ẹ́ níyà kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà àwọn ẹlẹ́sìn nìkan ni ènìyàn ń wò kí ó tó mú ẹ̀sìn, Àjàyí ì bá máà mú ọ̀kankan.

NÍ ILẸ̀ SÀRÓ

Wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst, nítòsí Freetown, lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nárì ẹgbẹ́ C.M.S. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ìwé wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láàrin oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Bíbélì.

Freetown ìgbà náà dà bí Abuja tiwa yìí: ìlú àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn ará ìlú fi ìkíni wọn sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí pé wọ́n máa ń kí ara wọn pé ẹ kú, ẹ kú, wọ́n ń pè wọ́n ní Akú. Wọ́n ní olórí tiwọn, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn kan lára wọn di Onígbàgbọ́. Àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí, wọn kò sì fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ nítorí ìjọba tàbí nítorí míṣọ́nárì. Àwọn mìíràn ń bọ Ṣàngó, wọ́n sì ń dá Ifá bí ẹni pé wọn kò kúrò nílé. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú ọmọkùnrin yìí, ó sì rí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nípa èdè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kò kánjú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, ni ó tó ṣe ìrìbọmi, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ó ti wà lábẹ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí ó ti rí lẹ́yìn náà, ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ìdáǹdè méjì ni òun rí gbà: ìkíní kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ìkejì kúrò lábẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí ó kà sí oko ẹrú tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sọ pé òun wọ ẹ̀sìn nítorí pé òyìnbó gba òun là, bí ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ó fi kú. Ohun tí ó ń wá nínú ọkàn ara rẹ̀ ni ó rí níbẹ̀. Ó gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kò ju Àjàyí nù. Ó ń jẹ́ ẹ lọ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1827, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ní ọdún 1829, ó fẹ́ Asano, tí wọ́n sọ ní Susan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bí òun náà. Ó di olùkọ́. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ yìí, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí Sàró jiyàn lórí ẹ̀sìn. Ó mọ iyàn jà, ṣùgbọ́n ó rí i pé iyàn kì í so èso kan ju ìbínú lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, a ó sì rí bí ó ti lò ó.

Ní ọdún 1841, ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn-àjò náà. Lẹ́yìn èyí ni C.M.S. pè é lọ sí London. Bíṣọ́ọ̀bù London fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, àwọn Akú tí kì í ṣe Onígbàgbọ́ pàápàá sì wá gbọ́, nítorí pé èdè ìyá wọn ni.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Ní ọdún 1845, Crowther dé Badagry pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun tí ó dí ọ̀nà mú wọn dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ní ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, obìnrin arúgbó kan dé ilé míṣọ́nárì tuntun náà. Àfàlá ni. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ó ti kọjá tí ìyá àti ọmọ ti rí ara wọn kẹ́yìn. Wọ́n wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́, ara wọn ń gbọ̀n, omijé ń bọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà ti rò pé ọmọ òun ti kú.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ yìí ti di àlùfáà. Ilé òrìṣà ni ìyá rẹ̀ sì ti wá. Bí ó bá ní kí ìyá ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ kejì, ìyá ì bá ṣe é, nítorí ayọ̀. Ṣùgbọ́n a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìwà ọmọ rẹ̀ àti ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń ro ó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, ọdún 1848, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé, ni ó wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì. Ó wà láàyè títí di ọdún 1883, ó rí ọmọ rẹ̀ ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí a fi sílẹ̀ fún un kí ó fi ọkàn ara rẹ̀ yàn, kò já sí àdánù.

Ẹ jẹ́ kí àwa òbí fi èyí sọ́kàn, kí àwọn ọmọ pẹ̀lú fi sọ́kàn. Nítorí a rí àwọn ọmọ kan ní ìlú yìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀sìn tuntun ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n sì ti ń pe ìyá tí ó bí wọn ní ọmọ ọ̀run àpáàdì.

Ọ̀RỌ̀ WA NÍNÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1843, ó tún tò ó dáadáa jáde ní ọdún 1852, ọ̀pọ̀ òwe àwọn àgbà sì wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, irú Thomas King, ń bá iṣẹ́ náà lọ títí odindi Bíbélì fi parí ní èdè Yorùbá ní nǹkan bí ọdún 1884.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kíyè sí. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀, wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti ara wọn sílẹ̀. Olódùmarè àti Ọlọ́run, ẹnu àwọn bàbá wa tí ń bọ òrìṣà ni wọ́n ti mú un. Àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, wòlíì, ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀sìn Ìmàle ti wà ní ilẹ̀ wa ṣáájú ti Onígbàgbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Onígbàgbọ́ Yorùbá bá dìde ní ọjọ́ ìsinmi tí ó ní àlùfáà ń ṣe ìwàásù, ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí fún un ni ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Ìṣẹ̀ṣe ń bínú sí títí di òní, tí wọ́n sì ní ẹjọ́ rò: pé a fi orúkọ Èṣù, tí í ṣe òrìṣà lọ́dọ̀ wọn, pe Sàtánì. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í wà láìní àléébù.

NÍ ÌTÒSÍ ILÉ WA NÍBÍ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Abuja tí ó ń relé yóò gba Gwagwalada àti Abaji kọjá, yóò gun afárá Murtala ní Jamata lórí odò Ọya, yóò sì dé Lokoja. A ń gba ibẹ̀ lọ ní ọdún Iléyá, a ń gba ibẹ̀ lọ ní ọdún Kérésìmesì. Ilẹ̀ yìí gan-an ni Crowther ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀.

Ní ọdún 1854, ó bá Dókítà Baikie gòkè odò Ọya àti odò Bẹ́núé nínú ọkọ̀ Pleiad. Wọ́n ń lo kuiníìnì, òyìnbó kankan kò sì kú lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọdún 1857, wọ́n tún lọ nínú ọkọ̀ Dayspring. Wọ́n dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha àti ní Gbẹ̀bẹ̀, ìlú tí ó wà ní òdìkejì odò sí Lokoja, nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta ní ìhà Jẹ́bbà, Crowther sì gbé pẹ̀lú àwọn Núpé ní Rábà fún ìgbà díẹ̀. Ní Gbẹ̀bẹ̀, ọdún 1862 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sí ìkánjú. Nígbà tí ogun abẹ́lé tú Gbẹ̀bẹ̀ ká ní ọdún 1866, iṣẹ́ náà kọjá sí Lokoja.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1864, wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn ni ó di èyí. Oyè náà kò sì fún un ní ìsinmi: ní ọdún 1867, baálẹ̀ kan tí ń jẹ́ Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson ní ìhà Ìdáh, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Nígbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Fell, wá gbà wọ́n, ọfà olóró pa á.

Lórí odò yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní Sàró ti wúlò. Mùsùlùmí ni Masaba, ẹmíà Núpé ní Bídá. Òun àti Crowther ń bá ara wọn lò dáadáa. Crowther kò bú Ànábì, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀sìn ẹni tí ó gbà á lálejò. Nígbà tí ó wà níwájú Ẹmíà Ìlọrin àti àwọn àlùfáà rẹ̀, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè lórí ohun tí ó gbà gbọ́, ohun tí ó ṣe ni pé ó ṣí Bíbélì Yorùbá, ó ka ìdáhùn rẹ̀ sí wọn létí ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ro ó. Wọn kò di Onígbàgbọ́. Wọn kò sì bá a jà. Ẹ rántí pé àwọn Mùsùlùmí wà nínú ogun tí ó fọ́ ilé bàbá rẹ̀. Kò gbàgbé, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò di ẹ̀bi àwọn kan lé gbogbo ẹlẹ́sìn náà lórí.

ÌDÁNWÒ ỌJỌ́ ALẸ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ìparí ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí odò Ọya. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó mọ́. Àwọn kan ṣe ohun tí kò tọ́, àwọn kan pa iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀ mọ́ òwò, bíṣọ́ọ̀bù sì jìnnà sí wọn, ó ti ń darúgbó, àánú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún 1889 àti 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára wọn ni Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson, tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ arúgbó náà ti bàjẹ́ látòkè délẹ̀. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó níbẹ̀, àwọn tí ó lè fi bí ọmọ-ọmọ ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ìbínú gba Èkó kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Native Baptist ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní ọdún 1888. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1891, lẹ́yìn tí Edward Blyden wá sọ̀rọ̀ ní Èkó pé ó yẹ kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìjọ tiwọn, àwọn kan dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún Crowther láti jáde. Bí ó bá jáde, ọ̀pọ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Kò jáde. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú kí àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò, ní ìhà Bonny, máa bọ́ ara wọn kí wọ́n sì máa ṣe àkóso ara wọn, láì kúrò nínú Áńgílíkà. Ẹnu èyí ni ó wà tí àrùn fi mú un, tí ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ní ọdún 1892, Dandeson ọmọ rẹ̀ mú ètò náà ṣẹ.

Àwọn kan sọ pé àìlágbára ni kò jẹ́ kí ó jáde. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, a kò sì bá àwọn tí ó jáde wí. Àwọn pẹ̀lú tọ ẹ̀rí ọkàn wọn, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ sì wúlò. Ohun tí a rí ni pé ní ọdún 1825, Àjàyí kò torí òyìnbó mú ẹ̀sìn. Nítorí náà ní ọdún 1890, kò torí òyìnbó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá tìtorí ìwà rere pásítọ̀ wọ ìjọ, ọjọ́ tí pásítọ̀ bá ṣìwà hù ni yóò jáde. Ẹni tí ó bá tìtorí Alfa wọ mọ́ṣáláṣí, bákan náà ni. Ẹni tí ó wá nǹkan tí ó sì rí i ni ìjì kì í gbé lọ.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn tí ó ṣe é tó gbà pé àwọn ṣẹ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Archbishop Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, ó sì tọrọ àforíjì.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Crowther kú, ni wọ́n kó olú-ìlú Nàìjíríà láti Èkó wá sí Abuja. Òpópónà Herbert Macaulay tí a ń gbà kọjá ní Wuse lójoojúmọ́, orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ tí Abigail ọmọ rẹ̀ bí. Mọ́ṣáláṣí ńlá ti orílẹ̀-èdè àti ilé ìjọsìn ńlá ti àwọn Onígbàgbọ́ kò jìnnà síra wọn ní àárín ìlú wa. Ohùn ìrun àti ohùn orin sì ń dé etí ìlú kan náà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fi ẹ̀sìn yín kọ́ ọmọ yín, ẹ fi ìwà kọ́ ọ ju ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà tí ó sì ń wá ọ̀nà, ẹ má ṣe lé e jáde nílé. Ìyá tí ó bá ní sùúrù yóò rí ọmọ rẹ̀ padà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ní ilé ìjọsìn kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tìtorí iṣẹ́, tàbí ìyàwó, tàbí ọ̀rẹ́, tàbí ìṣẹ́ ìyanu ọjọ́ kan mú ẹ̀sìn. Ẹ wá a bí Àjàyí ti wá a, ẹ kọ́ ọ, ẹ ro ó, ẹ má kánjú. Nígbà tí ẹ bá sì rí i, ẹ má ṣe fi ṣe kòbókò na àwọn ará ilé yín. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹnikẹ́ni kì yóò bi ọmọ Yorùbá léèrè ibi tí ó ti ń jọ́sìn kí ó tó bá a sin òkú tàbí kí ó tó bá a sọ ọmọ lórúkọ.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí tọ́jọ́. Kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù wa rí ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ ń wá, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀nà náà yà wá kúrò lọ́dọ̀ ara wa. Àṣẹ, àmín.